Owó Kò Gbọdọ̀ Jù, Oúnjẹ Kò Gbọdọ̀ Dín

Láti ìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ ọmọ lójú ìwé yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé, ohun kan náà ni ó sì wà nínú púpọ̀ nínú wọn: “Nọ́ọ̀sì, gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ ni ó dára, ṣùgbọ́n owó dà?” Ìbéèrè náà tọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní dìsípẹ́ńsárì ní àgbègbè Ketu yìí, mo sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá wí fún ìyá ọmọ pé kí ó máa fún ọmọ ní ẹ̀wà àti ẹyin, tí kò bá a dé ìdí àpò owó rẹ̀, iṣẹ́ ààbọ̀ ni ó ṣe. Nítorí náà, ìṣirò ni a ó ṣe lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má sá o. Ìṣirò yìí kò le ju èyí tí àwọn obìnrin aláta Mile 12 ń fi orí ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́; ohun tí ó kù ni kí a kọ ọ́ sórí ìwé, kí ojú wa lè rí i.

Nígbà tí a wà ní ilé-ìwé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ wa ni ìdọ́gba: méjì àti mẹ́ta jẹ́ márùn-ún, kò jù, kò dín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó dáadáa, ìdọ́gba kọ́ ni a fi ń gbọ́ bùkátà ilé. Kò sí ìyá tí ń wí pé, “₦3,000 gééré ni n ó ná, bí náírà kan bá ṣẹ́ kù n ó jù ú sí gọ́tà.” Ohun tí ó ń wí ni pé, “N kò gbọdọ̀ ná ju ₦3,000 lọ.” Bí ó ná ₦2,800, ó dára. Bí ó ná ₦3,000 pé, ó dára. Bí ó fi náírà mẹ́wàá kọjá, gbèsè dé. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni àwọn olùkọ́ ìṣirò ń pè ní àìdọ́gba.

Àmì rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Ẹnu àmì náà máa ń ṣí sí ìhà ibi tí ó pọ̀, bí ẹni pé ó fẹ́ gbé èyí tí ó tóbi mì. 3 < 5 ni pé 3 kò tó 5. 5 > 3 ni pé 5 ju 3 lọ. Bí a bá fa ìlà kan sí abẹ́ ẹnu náà, a jẹ́ pé a gbà kí ìhà méjèèjì dọ́gba pẹ̀lú: ≤ ni pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ≥ sì ni pé kò dín sí bẹ́ẹ̀. Ìlà kékeré yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ẹ ó rí iṣẹ́ tí ó ń ṣe níwájú.

Ibi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń kọsẹ̀ kì í ṣe inú ìṣirò, inú ọ̀rọ̀ ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá bá mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Ó kéré tán, kí ó ra ẹyin mẹ́rin.” Ó gbọ́ “kéré”, ó sì fi àmì kíkéré sí i: y ≤ 4. Òdìkejì gan-an ni. Ó kéré tán mẹ́rin ni pé mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: y ≥ 4. Bákan náà ni “ó pọ̀ jù, kí ó ra mẹ́rin” ní “pọ̀” nínú, síbẹ̀ y ≤ 4 ni. Mo wí fún un pé kí ó má gbá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mú, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé: ẹni tí ó ra mẹ́ta, ṣé ó rú òfin? Ẹni tí ó ra márùn-ún ńkọ́? Ẹni tí ó ra mẹ́rin pé ńkọ́? Ẹni tí ó bá dáhùn ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí ti mọ àmì tí yóò kọ.

Èdè wa gan-an ń ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Bí a bá wí pé owó “tó”, a kò wí pé ó ṣe déédéé. Ó lè ṣẹ́ kù. “Ó tó” jẹ́ ≥. “Kò tó” jẹ́ <. “Kò jù” jẹ́ ≤. “Ó lé” jẹ́ >. Ìyá àgbà tí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé rí kò jẹ́ ṣi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí gbé fún ara wọn nígbà tí ó bá ń ná ọjà.

Ní ibi iṣẹ́ tiwa, ẹ̀mí ènìyàn wà nínú àmì wọ̀nyí. Ẹ wo parasitámọ́ọ̀lù, oníhóró 500 mílígíráàmù. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju hóró mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Bí a bá pe iye hóró ní h, h ≤ 8. Àkókò tí ó wà láàárín ìlò kan sí èkejì kò sì gbọdọ̀ dín sí wákàtí mẹ́rin. Bí a bá pè é ní a, a ≥ 4. Àìdọ́gba méjì fún oògùn kan! Ẹni tí ó lo hóró méjì ní aago mẹ́fà, tí orí ṣì ń fọ́ ọ, tí ó tún lo méjì ní aago méje, kò tíì ju mẹ́jọ lọ, ṣùgbọ́n ó ti rú òfin kejì. Òfin méjèèjì ni a gbọdọ̀ pa mọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ di gbólóhùn yìí mú, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ dúró lé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ọmọ wá sí ibi ìwọ̀n mọ téèpù tí a ń fi ká apá ọmọ lókè ìgúnpá, fún ọmọ oṣù mẹ́fà títí di ìgbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ọdún márùn-ún. Àìdọ́gba ni wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀. Bí apá bá kéré sí sẹ̀ǹtímítà 11.5, pupa ni. Àìjẹunre ti wọ ọmọ náà lára gidi. Bí ó bá jẹ́ 11.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí kò tó 12.5, àwọ̀ ìyeyè ni. Ewu wà nítòsí. Bí ó bá tó 12.5, àwọ̀ ewé ni. Ìlà kékeré abẹ́ àmì ni ó ń sọ ibi tí ọmọ tí téèpù rẹ̀ ka 11.5 gééré yóò wà. Àwọ̀ ìyeyè ni ó wà, kì í ṣe pupa. Mo fẹ́ kí èyí yé ìyá gbogbo: bí téèpù bá pupa, tàbí bí ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì bá wú, ohunkóhun tí ìbáà wà lára téèpù, ẹ má jókòó ṣe ìṣirò kankan. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Ilẹ̀ wa níhìn-ín ní ìtàn nínú irú ìwọ̀n yìí. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, nígbà tí Dókítà David Morley ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Imesi-Ile lo káàdì kan tí ìyá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú sílé. Ìlà méjì ni ó gùn ún gba inú káàdì náà kọjá, wọ́n sì ń wò ó bóyá ìwọ̀n ọmọ ń gòkè bí àwọn ìlà náà ti ń gòkè. Káàdì náà kúrò níbẹ̀, ó di ohun tí wọ́n ń lò káàkiri ayé. Ààlà òkè kan, ààlà ìsàlẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sí ọ̀rọ̀ owó.

Obìnrin kan tí ó ń ta ata ní Mile 12 gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá sọ́dọ̀ wa, ọmọ ọdún méjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú, ṣùgbọ́n téèpù ka 12.1. Nígbà tí mo fi àwọ̀ ìyeyè náà hàn án, ojú tì í, ó sì yára fa ìwé kékeré kan yọ nínú àpò rẹ̀. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má rò pé mò ń ná owó ní ìnákúnàá. Ẹ wò ó.” Mo wò ó. Ìwé náà mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ akọ̀wé lọ. Yàtọ̀ sí gààrí, ìrẹsì àti ọbẹ̀ tí gbogbo ilé jọ ń jẹ, bàbá ọmọ ń yọ ₦3,000 sílẹ̀ lọ́sẹ̀ fún oúnjẹ àwọn ọmọ méjèèjì, èyí tí a gbé wá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá náà fi kobo kan kọjá rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn ó ra ago ẹ̀wà mẹ́ta, ẹyin mẹ́fà, ó sì fi ₦900 ra bisikíìtì àti ohun mímu aládùn.

Mo wí fún un pé, “Ìyá ọmọ, o pa òfin mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni o pa mọ́. Èkejì kò sí nínú ìwé rẹ rárá.” Mo fa bébà kan, a sì jọ kọ ọ́. Bí a ti kọ ọ́ ni mo ń kọ sílẹ̀ fún yín yìí. Iye owó tí mo lò, ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ lásán, nítorí ẹ mọ ọjà wa, iye àárọ̀ lè yàtọ̀ sí ti ìrọ̀lẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a mọ ohun tí a kò tíì mọ̀, kí a fún un ní orúkọ. A kò mọ iye ago ẹ̀wà tí ó yẹ kí ó rà. A pè é ní w. A kò mọ iye ẹyin; a pè é ní y. Ẹ ṣọ́ra níhìn-ín. w kì í ṣe ẹ̀wà, kì í sì í ṣe owó ẹ̀wà. Iye ago ni. Ẹni tí ó bá dà wọ́n pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ yóò rìn gbéregbère títí dé òpin.

Lẹ́yìn náà, owó. Bí ago ẹ̀wà kan bá jẹ́ ₦300, ago w yóò jẹ́ 300w. Bí ẹyin kan bá jẹ́ ₦200, ẹyin y yóò jẹ́ 200y. Méjèèjì pọ̀ kò gbọdọ̀ ju ₦3,000 lọ. Èyí ni òfin A:

300w + 200y ≤ 3,000

Òfin yìí ni ìyá náà ti ń pa mọ́ láti ọjọ́ tí ó ti délé ọkọ. Ẹ jẹ́ kí a wá kọ èkejì. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà fi í lélẹ̀ pé ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta nílò nǹkan bí gíráàmù 13 èròjà amúaradàgbà lójúmọ́, ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ sì nílò nǹkan bí 19. Àròpọ̀ fún ọmọ méjèèjì jẹ́ 32 lójúmọ́, 224 lọ́sẹ̀. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, èròjà náà ju 20 lọ díẹ̀; mo mú 20. Agolo mílíìkì tí ó kún, tí ó sì ṣe òkìtì díẹ̀, mo kà á sí gíráàmù 150 ẹ̀wà. Nítorí náà ago kan fún wa ní 30. Ẹyin kan ní nǹkan bí 6. Òfin B nìyí:

30w + 6y ≥ 224

Ẹnìkan lè bi mí pé èé ṣe tí mo fi gé ti ẹ̀wà kù. Àṣà iṣẹ́ wa ni. Ohun tí kò gbọdọ̀ dín, ẹ fi ìwọ̀n rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ díẹ̀. Ohun tí kò gbọdọ̀ jù, ẹ fi iye rẹ̀ sí òkè díẹ̀. Bí ago bá wá ń jẹ́ ₦290, kí ẹ kọ ₦300. Bẹ́ẹ̀ ni ìyanu ọjà kò fi ní í ba ìṣirò yín jẹ́. Òótọ́ ni pé gààrí àti ìrẹsì náà ní èròjà yìí díẹ̀ (ti gààrí kò ju nǹkan bí gíráàmù kan lọ nínú 100), ṣùgbọ́n n kò kà á mọ́ ọn, nítorí ti inú ẹ̀wà kì í wọ ara tán bíi ti ẹyin. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan dí èkejì.

Òfin kẹta ti ọ̀dọ̀ mi wá. Nínú ẹyin, fítámì B12 wà, èyí tí kò sí nínú ẹ̀wà rárá, bẹ́ẹ̀ ni ilé yìí kì í sábà rí ẹran tàbí ẹja fún ọmọ. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ ẹyin méjì lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Òfin D:

y ≥ 4

Àwọn olùkọ́ yóò fẹ́ kí a tún kọ ọ́ pé w kò gbọdọ̀ dín sí òdo. Kò burú, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí ó ra ago ẹ̀wà tí ó dín sí òdo.

Nígbà náà ni mo fi ohun tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ wò ó. Ago mẹ́ta jẹ́ ₦900, ẹyin mẹ́fà jẹ́ ₦1,200, bisikíìtì àti ohun mímu jẹ́ ₦900. Àròpọ̀ jẹ́ ₦3,000. Òfin A, ó pa á mọ́. Òfin D, ó pa á mọ́. Òfin B: 90 àti 36 jẹ́ 126. 126 kò tó 224. Nǹkan bí ìdajì àti díẹ̀ ni àwọn ọmọ náà ń rí, ìyá wọn sì ń fi ìdùnnú pa ìwé dé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ pé òun kò jẹ gbèsè.

A wá wá ọ̀nà. Ó kọ́kọ́ ní kí a fi gbogbo owó ra ẹyin, nítorí dókítà kan sọ fún un pé ẹyin dára. ₦3,000 yóò ra ẹyin 15. Ẹyin 15 fún wa ní 90. Kò tó. Ó ní kí a ṣe é ní mẹ́fà-mẹ́fà: ₦1,800 àti ₦1,200, owó pé, 180 àti 36 jẹ́ 216. Ó kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Mo ní kí a gbé ẹ̀wà sókè sí meje, kí a sọ ẹyin di mẹ́rin: ₦2,100 àti ₦800 jẹ́ ₦2,900, 210 àti 24 jẹ́ 234. Òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà á. Bí a bá ra ẹ̀wà ago mẹ́fà ààbọ̀ àti ẹyin márùn-ún, ₦2,950 ni, 225 ni. Òun náà gbà. Ẹ̀wà ago mẹ́wàá láìsí ẹyin jẹ́ 300, ó ju ohun tí a fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n òfin D kọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ máa dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ di ẹyin mú sí mẹ́rin. Òfin A di 300w ≤ 2,200, èyí tí ó jẹ́ pé w kò gbọdọ̀ ju 7⅓ lọ. Òfin B di 30w ≥ 200, èyí tí ó jẹ́ pé w kò gbọdọ̀ dín sí 6⅔. Láàárín 6⅔ sí 7⅓, ago odidi kan ṣoṣo ni ó wà, èyíinì ni 7. Ẹnu ọ̀nà ilé náà ti tóóró tó bẹ́ẹ̀! Ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, oríire ni yóò fi bá a.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yóò sunkún bisikíìtì. Mo ní kí ó sun ún, ₦100 ṣì kù, ó lè fi ra ẹyọ kan. A fún ọmọ ní oògùn aràn, a sì ń wọn ọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà téèpù ka 12.4. Inú ìyá rẹ̀ dùn, inú èmi náà dùn, ṣùgbọ́n 12.4 kò tó 12.5, nítorí náà n kò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn tí a ń ṣọ́.

Ẹ má rò pé ohun tí a ń ṣe lórí bébà yìí jẹ́ ohun kékeré. Ní ọdún 1945, George Stigler, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, béèrè irú ìbéèrè kan náà: kí ni oúnjẹ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ tí ọkùnrin kan lè jẹ fún ọdún kan tí èròjà kankan kò ní í dín? Oúnjẹ 77 ni ó kọ sílẹ̀, èròjà 9 ni ó sì fi ṣe òfin. Ó dán an wò títí, ó rí i pé dọ́là 39 àti sẹ́ǹtì 93 yóò tó fún ọdún náà, ní iye ọjà ọdún 1939. Ní 1947, lẹ́yìn tí George Dantzig ti ṣe àwárí ọ̀nà kan tí a lè fi yanjú ọ̀pọ̀ àìdọ́gba pọ̀, wọ́n gbé ìbéèrè náà fún akọ̀wé mẹ́sàn-án tí ń fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ ìṣirò. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni, ọgọ́fà ọjọ́ ni ìbá fi ṣe iṣẹ́ náà. Ìdáhùn wọn jẹ́ dọ́là 39 àti sẹ́ǹtì 69. Sẹ́ǹtì 24 péré ni Stigler fi ṣì í. Ẹ̀wà gbígbẹ wà nínú oúnjẹ márùn-ún tí Stigler yàn, pẹ̀lú ìyẹ̀fun, mílíìkì inú agolo àti ewébẹ̀ méjì. Kò sí ẹni tí yóò fẹ́ jẹ bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan, òun náà sì mọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi wí fún àwọn ìyá pé bí ìdílé yín bá ní ohun tí wọn kò lè ṣe aláìjẹ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí òfin kan, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ago ẹ̀wà di ₦350, owó tí bàbá ń fi sílẹ̀ kò sì yí padà. Bí ẹyin bá jẹ́ mẹ́rin, òfin A di 350w ≤ 2,200, w kò sì gbọdọ̀ ju 6 àti díẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ dé 6⅓. Ṣùgbọ́n òfin B kò mọ̀ pé ọjà gbówó lórí; ó ṣì ń wí pé w kò gbọdọ̀ dín sí 6⅔. Kò sí nọ́ńbà kan láyé tí ó tó 6⅔ tí kò sì tó 6⅓. Bí a bá fi ẹyin kún un, ńṣe ni ó tún ń burú sí i. Ilẹ̀kùn ti sé.

Nígbà tí ilẹ̀kùn bá sé báyìí, ẹ má bú ìyá ọmọ. Mo ń wí fún ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi pẹ̀lú, tí a máa ń pariwo mọ́ obìnrin ní gbàgede pé kò mọ ọmọ tọ́jú. Kò sí ọgbọ́n ìnáwó tí ó lè mú nọ́ńbà tí kò sí jáde. Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ fi òfin gbé owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ sí ₦70,000, ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni Ìpínlẹ̀ Èkó sì kéde ₦85,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ààlà ìsàlẹ̀ ni òfin bẹ́ẹ̀ jẹ́, àmì ≥ ni. Ta ni ó wá fi ààlà òkè sí iye ago ẹ̀wà?

Síbẹ̀ bébà náà wúlò, àní nígbà tí kò sí ìdáhùn, nítorí ó ń sọ iye tí ó kù. Ago meje ní ₦350 jẹ́ ₦2,450, ẹyin mẹ́rin jẹ́ ₦800, àròpọ̀ jẹ́ ₦3,250. Obìnrin tí ó wí fún ọkọ rẹ̀ pé “owó kò tó” yóò gbọ́ ìdáhùn tí ó ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí. Ẹni tí ó gbé bébà síwájú rẹ̀ tí ó wí pé, “Bàbá ọmọ, ₦250 ni ó kù kí ọmọ wa jẹun tó,” ti gbé ọ̀rọ̀ kúrò nínú ìjà.

Bí ₦250 kò bá sí, a ó wá oúnjẹ kẹta. Sóyà ni mo fẹ́ràn jù. Gíráàmù 100 rẹ̀ ní ju 35 lọ. A ó mú 50 fún ago kan. Bí a bá pe iye ago sóyà ní s, tí ago kan sì jẹ́ ₦300, òfin A di 350w + 300s + 200y ≤ 3,000, òfin B sì di 30w + 50s + 6y ≥ 224. Ẹ mú ẹ̀wà mẹ́rin, sóyà méjì, ẹyin mẹ́rin: ₦2,800, gíráàmù 244. Ilẹ̀kùn ṣí padà, ₦200 sì tún kù. Ṣùgbọ́n kí a sè é tàbí kí a yan án dáadáa kí a tó lọ̀ ọ́ mọ́ ògì, nítorí ohun kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí ara lo èròjà rẹ̀. Iná ni ó ń pa á.

Àwọn kan yóò wí pé kí a máa lọ rà á ní Mile 12 níbi tí ó ti pọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Bí ago kan bá fi ₦50 rọjú níbẹ̀ ju ti ìsọ̀ ẹ̀bá ilé lọ, tí lílọ àti bíbọ̀ sì jẹ́ ₦500, èrè kò sí àfi bí 50w > 500, èyíinì ni w > 10. Ẹ wò ó pé n kò fa ìlà sí abẹ́ àmì náà. Ẹni tí ó ra ago mẹ́wàá gééré kò jèrè, kò pàdánù. Àárẹ̀ ni ó gbé bọ̀ wálé. Ìyá mẹ́ta tí wọ́n ń ra ago meje-meje lè dá owó jọ kí ẹnìkan lọ: ago 21 fún wọn ní ₦1,050, bí a bá yọ owó ọkọ̀, ₦550 ni èrè. Àwọn obìnrin kan ní àdúgbò wa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń bá wọn lára mu.

Iṣẹ́ àṣetiléwá nìyí, fún ìyá àti fún ọmọ ilé-ìwé tí ó wà nílé. Ìyá àgbà kan ní Ikosi ń tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì, ọmọ ọdún mẹ́ta àti ọmọ ọdún meje. ₦3,500 ni ó ní lọ́sẹ̀. Ní Mile 12, ago ẹ̀wà jẹ́ ₦350, ṣùgbọ́n yóò san ₦500 fún ọkọ̀. Ní ìsọ̀ ẹ̀bá ilé rẹ̀, ago jẹ́ ₦370, kò sì ní í wọkọ̀. Ẹyin jẹ́ ₦220 níbi méjèèjì, ó kéré tán kí ó ra mẹ́rin, kí èròjà amúaradàgbà àwọn ọmọ má sì dín sí gíráàmù 224. Ẹ kọ òfin A, B àti D fún ọjà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ èwo nínú méjèèjì ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀ ni n ó tẹ ìdáhùn síhìn-ín.